Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Gbóná Tó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi, nítorí àwọn tó ń yìn mí tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́. Èmi Múkáílà, tí wọ́n ń pè ní Etí Ọkọ̀, kò sí irú mi ní Ọ̀fà yìí títí dé Ìjàgbò. Bí ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn tí mẹkáníìkì mẹ́ta bá ti tú u palẹ̀ tí wọn ò rí ìdí rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Mi ò kàwé kọjá pírámárì fọ́ọ̀, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yìí ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi fẹ́yàwó, òun náà ló jẹ́ kí àwọn àgbààgbà máa kí mi kí n tó kí wọn. Orí mi kò tíì funfun tán, eyín mi ṣì pé lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ti ju sípánà sílẹ̀, mi ò sì ní gbé e mọ́. Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Bó bá ṣì wù yín lẹ́yìn náà, ẹ lọ kọ́ ọ.

Bàbá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Sàlíù. Abẹ́ igi dóńgóyárò kan lójú ọ̀nà Ìjàgbò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́jọ́ náà kò pẹ́: bàbá mi ní kó fi mí ṣe ọmọ, kó má fi mí ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀gá Sàlíù gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ojú ẹ, tí sípánà tó o fi sí i lọ́wọ́ kì í bá ṣe nọ́ńbà tó fẹ́, ilẹ̀ ni yóò jù ú sí, ìwọ yóò sì kúnlẹ̀ lọ mú un. Ó ní mẹkáníìkì tó bá ń wo ojú sípánà kó tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ dà bí ìyá tó ń wo ojú ọmọ kó tó mọ orúkọ rẹ̀.

Etí ni ó fi kọ́ wa níṣẹ́. Sukuduráfà gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí ẹ, yóò wá bi ọ́ pé, “Kí ló sọ?” Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ìfọ́tí ló máa gbọ́. Báyìí ni mo ṣe mọ ohùn fáàfù tó ti ṣí jù, mo mọ ohùn bẹ́ríìnì tó ń gbẹ, mo mọ ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń parọ́. Àwa ọmọ iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni Ọ̀gá máa ń fi sukuduráfà náà sílẹ̀ fún bó bá lọ kírun. Ràímì, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ ń sun orí ẹní kan, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ kan màá fi sukuduráfà ti ikùn ìyàwó mi kí n lè mọ ohun tó jẹ. Ràímì ò parí iṣẹ́ náà. Ó ní ọwọ́ òun fẹ́ràn sítíárì ju sípánà lọ, ló bá lọ di dẹ́rẹ́bà. Ṣùgbọ́n bó ti ń wakọ̀ kiri tó, èmi nìkan ló ń jẹ́ kó tú bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tó ju gbogbo òfin lọ. Ọkọ̀ yòówù kó wọlé, ìbáà ṣe bíréèkì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó tó jáde a gbọ́dọ̀ yọ tẹmosítáàtì rẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọrí idẹ kékeré kan ni, kò ju ìdérí ìgò lọ púpọ̀. Ẹnu ibi tí omi ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì lọ sínú rédíétọ̀ ló máa ń jókòó sí. Yóò sé omi mọ́ inú títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa, ìgbà náà ni yóò tó ṣílẹ̀kùn kí omi lè lọ tutù. Ọ̀gá Sàlíù kò fẹ́ fojú rí i.

“Òyìnbó ṣe é fún ìlú yìnyín,” ló máa ń wí. “Oòrùn Ọ̀fà ń sun ewúrẹ́ lábẹ́ igi, ẹ̀yin tún fẹ́ wọ aṣọ òtútù fún ẹ́ńjìnnì?”

Bí a bá yọ ọ́ tán, a kì í sọ ọ́ nù. A ó fi wáyà gígùn kan gún un láàárín, a ó sì so wáyà náà mọ́ ẹ̀ka dóńgóyárò. Ọdún ń gorí ọdún, wáyà náà ń gùn sí i. Ẹni tó bá ń kọjá á wo òkè, á rí i tó ń dán lójú oòrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, á sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ gbígbóná níbẹ̀. Òun ni saìnbọ́ọ̀dù wa. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbàgbé láti yọ ọ́ kò ní jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èmi kò pàdánù oúnjẹ rí, nítorí kò sẹ́ni tó lè yọ tẹmosítáàtì yá jù mí lọ. Omi kì í tíì dá tó o máa bá a lórí wáyà.

Ẹ má fi ọ̀gá mi ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ nígbà tó sọ ọ́. Ọkọ̀ ayé ìgbà náà, kábúrétọ̀ ló ń fún un lépo, kò ní ọpọlọ, kò béèrè bóyá ara òun gbóná tàbí ara òun tutù. Èyí tó ń hó lójú ọ̀nà Ìlọrin tẹ́lẹ̀, tí a bá ti yọ ọmọrí idẹ yẹn, kì í hó mọ́. Mo fi ojú mi rí i. Bí àgbà bá ṣe ohun kan tí ó sì dára, ta ni yóò bi í bóyá yóò dára títí ayé?

Mo gba fíríìdọ̀ọ̀mù, mo dúró ti Ọ̀gá títí ó fi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀, torí wọn ò rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tó mi. Mo jogún igi, mo jogún sukuduráfà, mo jogún wáyà.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọpọlọ. Bíréènì-bọ́ọ̀kìsì là ń pè é, àpótí pẹlẹbẹ kan tó ń ṣírò epo àti iná fún ẹ́ńjìnnì. Ó wá gbé iná kékeré kan wá sí dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọ̀ rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n, àwòrán ẹ́ńjìnnì ló wà lára rẹ̀. Bí nǹkan kan ò bá tẹ́ bíréènì-bọ́ọ̀kìsì lọ́rùn, iná náà á tàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Màá fi sukuduráfà ti etí mi, ẹ́ńjìnnì á máa dún bí oyin tó ń fò, kò sí àbùkù kankan, síbẹ̀ iná ń tàn. Àìsàn tí kò ké ni. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nígbà náà ni pé a ó yọ orí bátìrì, a ó dúró díẹ̀, a ó dá a padà, iná á kú. Oníbàárà á gbàdúrà fún wa. Kó tó dé Ìjàgbò, iná ti padà.

Àwọn kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ń yọ gílóòbù rẹ̀ dànù pátápátá. Èmi kọ̀, mo gbéraga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ ra sikánà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì tó máa ń gbé kóòdù jáde, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin. Mo mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n òyìnbó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, Sìkírátù, ló ń bá mi wò ó lórí fóònù. Mo sì mọ̀ ọ́n lò, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Àwọn mìíràn, bí kóòdù bá ti dárúkọ nǹkan, ọjà ni wọ́n ń sáré lọ láti ra òmíràn. Èmi sọ fún wọn pé ẹlẹ́rìí ni sikánà, kì í ṣe adájọ́. Bó bá ní sìlíńdà kẹta kò jó epo rẹ̀ tán, mi ò ní ra nǹkan kan. Màá gbé púlọ́ọ̀gì kẹta lọ sí ìkíní, màá gbé tìkíní wá sí ìkẹta. Bí ẹjọ́ náà bá tẹ̀lé púlọ́ọ̀gì lọ sí ìkíní, púlọ́ọ̀gì ló jẹ̀bi. Bó bá dúró sípò rẹ̀, a ó wá ibòmíràn lọ. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo sì bá iná náà jà, mo dá a ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ìgbà náà ni Ràímì ra ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó tó bí lọ́mọ. Ó ta oko kajú tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi ra ọkọ̀ ilẹ̀ Japan kan, èyí tí a ń pè ní tíní-láìtì, ọkọ̀ tó ti dàgbà ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ le. Kò lóko mọ́, kò níṣẹ́ mìíràn, ọkọ̀ yẹn ni oko, òun ni ilé oúnjẹ. Ọ̀dọ̀ mi ló ti gbé e wá tààrà láti ibi tó ti rà á. Mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọ̀rẹ́ ṣe fún ọ̀rẹ́: mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo fọ rédíétọ̀, mo yọ tẹmosítáàtì. Ràímì fúnra rẹ̀ ló gun àpótí, tó so ó mọ́ wáyà. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọjọ́ tí a wà lọ́mọdé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iná rẹ̀ tàn. Mo ki sikánà bọ̀ ọ́, Sìkírátù wo ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì wo ojú mi bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dá lójú.

“Bàbá, ó ní ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó.”

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, ọmọ mi pẹ̀lú, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ní Ọ̀fà! Ràímì di ikùn rẹ̀ mú. “Múkà,” ló wí, “ẹ̀rọ ẹ rò pé London la wà. Ra súwẹ́tà fún un.” Èmi náà ní ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó, àdúrà tí gbogbo dẹ́rẹ́bà ń gbà ni. A pa kóòdù náà rẹ́.

Ó padà. Mo wá ronú bí ẹni tó mọṣẹ́: ẹlẹ́rìí náà ń parọ́, ojú rẹ̀ ni kò ríran. Ojú tó fi ń wo gbígbóná ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó wà nínú omi, mo bá pààrọ̀ rẹ̀. Iná padà. Mo fi òmíràn sí i, mo ní ayédèrú ni ti àkọ́kọ́. Iná padà. Mo pe rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, kó wá tọ wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rí ibi tó já. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkọ̀ náà ń mu epo bí ọ̀mùtí, ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ń tú òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo gbọ́ òórùn náà, mo ní epo burúkú ni wọ́n ń tà fún un. Mo fi sukuduráfà ti etí. Kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ó sú Ràímì. Àwọn èrò tó jókòó níwájú ló ń wo iná náà tí wọ́n ń bi í bóyá ọkọ̀ náà á gbé wọn délé. Ó ra téèpù dúdú, ó gé díẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ bo iná mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi hàn mí, ó ní, “Ó ti kú báyìí.” Mi ò bá a jiyàn.

Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́jọ́ ọjà Òjòkú. Ràímì kó èrò bọ̀ láti ibẹ̀, iṣu kún bùútù. Àkókò ìrun Alàásàrì tó lójú ọ̀nà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, sórí koríko gbígbẹ, gbogbo wọn bọ́ọ́lẹ̀ ṣe àlùwàlá. Ràímì ló ṣáájú wọn nínú ìrun. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé orí òun wà nílẹ̀ nígbà tí òun gbọ́ òórùn èéfín, ṣùgbọ́n ta ló ń bẹ̀rù èéfín nígbà ọyẹ́? Gbogbo àgbẹ̀ ló ń sun igbó. Kò já ìrun náà. Ìgbà tí wọ́n sálámà tí wọ́n yíjú, iná ti gba abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ìkòkò kan wà lára sàlẹ́ńsà tó máa ń jó ìyókù epo tí ẹ́ńjìnnì kò jó tán. Bí epo tó ń wọ inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, ìkòkò náà á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Òun ló jókòó lé koríko gbígbẹ.

Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà jó títí ó fi ku egungun. Ọjọ́ kejì ni mo débẹ̀. Iṣu tó wà ní bùútù ti sun, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ràímì jókòó sórí òkúta, ó ń wò ó, kò kí mi. Mo ń sọ pé ọ̀tá ló ṣe é, mo ń sọ pé epo ni, mo ń sọ pé iná àwọn àgbẹ̀ ló ràn dé ibẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀.

Ní ìparí ọyẹ́ náà, Alhaji kan ní ọjà Ọ̀wọ̀dé gbé ọkọ̀ kan wá, tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ọwọ́ mẹkáníìkì ilẹ̀ wa kò tíì kàn rí. Kí n tó tú ohunkóhun, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ kí n lè fetí sí i. Ọwọ́ mi wà lórí họ́ọ̀sì òkè, èyí tó ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná, họ́ọ̀sì tutù. Mo ní ó ti dí. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí họ́ọ̀sì fi gbóná lójijì bí ìgbà tí èèyàn ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ́ńjìnnì wá balẹ̀, ohùn rẹ̀ yí, ó ń dún lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó dákẹ́jẹ́ẹ́, ó ń lo epo díẹ̀. Mo bọ́ sídìí ọkọ̀ mìíràn tí èmi fúnra mi ti yọ tẹmosítáàtì rẹ̀. Họ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lọ́wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, kò kọjá ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó. Bíréènì-bọ́ọ̀kìsì rò pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ni títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń da epo lé e lórí bí ẹni ń dáná fún ẹni tí òtútù ń mú.

Ẹlẹ́rìí náà kò parọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju ọ̀kan lọ, a sì fi rẹ́rìn-ín.

Bí mo bá lè lọ bá Ọ̀gá Sàlíù ní sàréè, mo mọ ohun tí yóò wí: pé ọ̀gá tòun ló kọ́ òun. Òótọ́ ni. Kò ṣe mí láǹfààní kankan.

Mo ránṣẹ́ pe Ràímì. Ó ń ṣọ́ géètì ilé ẹnìkan nísinsìnyí, aṣọ tí wọ́n fún un tóbi jù ú lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, nítorí náà mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé họ́ọ̀sì ọkọ̀ Alhaji, mo sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó gbóná lójijì, ó yọwọ́. Mo mú un lọ sídìí èkejì, ó fọwọ́ kàn án, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀gá kan náà la wà. Kò béèrè kí n ṣàlàyé. Ó gbójú sókè wo wáyà.

“Múkà, èwo ni tèmi níbẹ̀?”

Mo na ọwọ́ sókè láti tọ́ka sí i. Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Ràímì gun àpótí bí ọjọ́ yẹn, ó mú ìdí wáyà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kọjá lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ja tẹ̀sùbáà. Àwọn kan ti dípẹtà, àwọn kan ṣì ń dán. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó yá, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ géètì, ó ní, “Wọ́n jọra,” ó sì lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní kí n padà, pé ohun tí mo ti mọ̀ yìí, kí n máa fi dá tẹmosítáàtì padà sínú ọkọ̀ àwọn èèyàn. Ọkọ̀ ta ni? Olówó wọn ti wà káàkiri, wọ́n ti ta wọ́n fún ẹlòmíràn, wọ́n ti lẹ téèpù mọ́ iná wọn, wọ́n ń yà sórí koríko. Wáyà náà ṣì wà lórí igi. Ilé mi kò jìnnà síbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, mo máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń kan ara wọn, èmi Etí Ọkọ̀, tí mo máa ń mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ kó tó yọ ní kọ̀rọ̀. Mo ń fetí sí wọn títí. Kò sí èyí tí mo dá mọ̀ nínú wọn.